Ẹni Tó Kọ́kọ́ Gbọ́

Ife tíì ni mo ń fọ lọ́wọ́. A ní yàrá ìdáná kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí a ti ń gba ìpè níbi iṣẹ́, omi gbígbóná ibẹ̀ kì í sì í tètè dé. Mo dúró, mo ń ti ìka bọ omi náà wò, mo ń retí kí ó gbóná. Fóònù mi gbọ̀n nínú àpò. Esekíẹ́lì àbúrò mi ni.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ lè sọ̀rọ̀?"

"Mo lè sọ díẹ̀. Kí ló dé?"

"Òkun ti gbé ilé ìdáná Iye lọ. Láàárọ̀ yìí ni. Ìkòkò ọbẹ̀ wọn wà lórí omi, àwọn ọmọdé ń fi ọkọ̀ lé e kiri."

Iye ni à ń pe ìyá wa. Abereke ló ń gbé, nínú ilé orí òpó tí bàbá wa kọ́ kó tó kú, ilé tó kọjú sí òkun gangan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé mìíràn wà níwájú tiwa, òmíràn wà níwájú ìyẹn, lẹ́yìn náà iyanrìn, kó tó wá kan òkun. Ní báyìí, tiwa ló kù níwájú.

"Iye fúnra wọn ńkọ́?"

"Wọ́n jókòó sínú yàrá. Wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan. Mo ti gbé ọkọ̀ wá láti Igbókòdá, ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọn ò tiẹ̀ wojú mi. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, Àǹtí mi. Tiyín ni wọ́n máa gbọ́."

Mo ní màá pè wọ́n. Omi ti gbóná, ó ti ń jó mi lọ́wọ́, mi ò sì tíì gbé ọwọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí Iye kò fi wojú Esekíẹ́lì ni pé Esekíẹ́lì ti gbìyànjú láti fi agbára gbé e rí. Ó mú apẹja méjì wá, wọ́n ní kí àwọn gbé e bí ẹni gbé àpò gààrí sínú ọkọ̀. Iye bu ọ̀kan nínú wọn jẹ ní apá. Láti ìgbà náà kò bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sọ̀rọ̀ mọ́, àfi kí ó rán ẹlòmíràn sí i. Bí Esekíẹ́lì bá dúró níwájú rẹ̀, Iye yóò yíjú sí aládùúgbò, yóò ní, "Bá mi sọ fún ọkùnrin yẹn pé ó dí afẹ́fẹ́ mọ́ mi."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yẹn. Inú yàrá mi ni mo wà, ara mi gbóná, mo ti jẹun. Lẹ́yìn tí mo pa fóònù ni ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ọjọ́ tí mo kúrò nílé, Iye ló sìn mí dé èbúté. Ní etí omi tiwa, a kì í kàn gbé èèyàn sínú ọkọ̀ kí a yí padà. Ẹni tó sin èrò wá ló ń di okùn ọkọ̀ mú. Yóò sọ fún ọlọ́kọ̀ pé, "Ọma rèé o," ọmọ ni ọma lẹ́nu tiwa. Ọlọ́kọ̀ yóò dáhùn pé, "Ó dọwọ́ mi." Ìgbà tó bá dáhùn tán ni a ń jọ̀wọ́ okùn. Bí kò bá dáhùn, ọkọ̀ kò lọ. Mo ti rí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ké, tí èéfín ti bo èbúté, tí gbogbo èrò ń bú ìyá arúgbó kan, tí kò sì jọ̀wọ́ okùn, nítorí pé ọlọ́kọ̀ ń jẹ púpurù, ẹnu rẹ̀ kún, kò lè fọhùn.

Lọ́jọ́ tèmi, Iye di okùn mú. "Ọma rèé o."

Aláwàdà ni ọlọ́kọ̀ wa. Ó ní, "Ìlú òyìnbó lọma yìí ń lọ, Iye wa. Igbókòdá lọkọ̀ tèmi mọ. Ìdajì rẹ̀ ló dọwọ́ mi!"

Gbogbo èrò inú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Iye kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ní ọma rèé o."

Ọkùnrin náà rí ojú rẹ̀, ó ṣí fìlà. "Ó dọwọ́ mi, Iye wa. Ó dọwọ́ mi pátápátá."

Ìgbà náà ni okùn bọ́ sínú omi. Iye kò ju ọwọ́ sí mi. Ó dúró títí a fi yí kọ̀rọ̀ ibi tí ewéko ti bo omi. Iná gáàsì àwọn elépo rọ̀bì ń jó lórí òkun lẹ́yìn rẹ̀, bó ti ń jó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò sì rí ojú rẹ̀ dáadáa nítorí ìmọ́lẹ̀ yẹn. Mo ti ronú púpọ̀ nípa àwàdà ọlọ́kọ̀ náà. Ta ló gba ìdajì tó kù?

Mi ò rí ọkọ̀ ojú irin rí kí n tó débí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́, mo di àga mú, mo ń retí kí ó mì. Ọmọ omi ni mí. Bí mo bá jókòó sínú nǹkan tó ń lọ, ara mi ń dúró de ìgbì. Ìgbì kò dé. Igi àti ilé ń sáré kọjá, èmi jókòó jẹ́ẹ́, ó sì rí lára mi bí ẹni pé ayé ló ń fi mí sílẹ̀, kì í ṣe èmi ni mò ń fi í sílẹ̀.

Mo kí àwọn èrò. Nílé wa, a kì í wọ ọkọ̀ bá èèyàn láìkí i. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo yín," ní èdè wọn. Àwọn èrò gbé ojú sókè. Obìnrin kan fa àpò rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin kan wò mí títí, ó wá béèrè bóyá mo fẹ́ wo tíkẹ́ẹ̀tì òun.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni kí n máa gbá inú ọkọ̀ wọ̀nyẹn nígbà tí wọ́n bá dé òpin ìrìn. Mo máa ń rí ìbọ̀sẹ̀ kan, agboorùn, bàtà ọmọ ọwọ́. Ẹnìkan gbàgbé eyín rẹ̀ sínú ife. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún kí ó rẹ́rìn-ín. Mo pe Iye. Mo ní, "Iye, mo rí eyín lónìí."

"Ta ló ni ín?"

"Mi ò mọ̀."

"O dá a padà?"

"Mo gbé e fún wọn ní ọ́fíìsì."

"Ó dáa. Eléyín ń wá a." Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tó máa ń béèrè nígbà gbogbo: "Ìgbà wo lò ń bọ̀?" Mo ní láìpẹ́. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n gbà mí sí yàrá ìpè. Inú mi dùn sí i gan-an, mo ra àkàrà òyìnbó fún ara mi, mo dá nìkan jẹ ẹ́. Iṣẹ́ wa ni pé bí ará ìlú bá rí ohun tí kò dára lẹ́bàá ojú irin, bí igi tó wó, odi tó ya, tàbí ẹran ọ̀sìn tó wọlé, yóò pe nọ́ḿbà kan, àwa yóò sì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn.

Ẹni tó kàn yìí ni gbogbo ìṣòro. Ẹni tó wọ ọkọ̀ rò pé ojú irin kan ṣoṣo ló gba orílẹ̀-èdè náà já. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Olú ilé-iṣẹ́ wà ní olú ìlú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe òfin, tí wọ́n sì ń ṣètò àkókò ọkọ̀ fún gbogbo ilẹ̀, kí ọkọ̀ tó gbéra ní àríwá má baà bá ìdàrúdàpọ̀ ní gúúsù. Ṣùgbọ́n ojú irin fúnra rẹ̀, afárá, iná àmì, odi tí kì í jẹ́ kí màlúù wọlé, ẹkùn ẹkùn ni wọ́n pín wọn. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá tirẹ̀, òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ilé ìdarí tirẹ̀. Wọ́n tún pín ẹkùn sí ìpín kéékèèké, kí ẹni tó ń tún irin ṣe lè tètè dé ibi tó bàjẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó jókòó ní olú ìlú kò lè mọ odò tó máa ń kún lójijì. Ẹni tó ń gbé létí rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ẹkùn kan ti parí, tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ni ààlà. Mo rò pé ẹnubodè ńlá kan yóò wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú wa lọ wò ó, pátákó funfun kékeré kan ni, lẹ́bàá irin, àgùntàn ń jẹko lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ kì í dúró níbẹ̀. Èrò inú rẹ̀ kì í mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìdarí méjèèjì, ẹnìkan ń fa ọkọ̀ náà lé ẹnì kejì lọ́wọ́, ẹnì kejì ń gbà á. Mo dúró níwájú pátákó yẹn, mo ń bi ara mi léèrè ibi tí tèmi wà. Ibo gan-an ni mo ti kúrò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn mi, tí mo bọ́ sọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí? Mo sùn nínú ọkọ̀ òfuurufú. Bóyá ojú oorun ni mo wà nígbà tí a kọjá á.

Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni àgbẹ̀ àgbàlagbà kan pè. Ó ní omi ń wọ abẹ́ irin lẹ́bàá oko òun, ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń rọ̀. Mo wo àwòrán ilẹ̀. Ibi tó ń sọ kọjá ààlà wa díẹ̀. Mo sọ fún un tìrọ̀rùntìrọ̀rùn pé kì í ṣe ẹkùn wa, kí ó pe ẹkùn kejì.

"Mo ti pè wọ́n," ó wí. "Wọ́n ní ẹ̀yin ni."

"Bàbá, àwòrán fi hàn pé àwọn ni."

"Ṣé kí n wá ní kí omi náà sún sẹ́yìn díẹ̀ ni, kí ó lè bọ́ sí tiyín?"

Mo ní kí ó má bínú. Mo tún fún un ní nọ́ḿbà ibòmíràn. Màgírẹ́ẹ̀tì, obìnrin ará ibẹ̀ tó ń kọ́ mi níṣẹ́, fi ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Kì í fi ife tíì sílẹ̀ láìnídìí.

"O ti jọ̀wọ́ rẹ̀?"

"Kì í ṣe tiwa."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe tiwa. Pè é padà." Ó fa àga rẹ̀ mọ́ tèmi. "Gbọ́ mi. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ló ni ín, títí ẹlòmíràn yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti gbà á. O ò gbọdọ̀ ní kí ó lọ pe ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni wàá pè wọ́n. Wàá di bàbá náà mú lórí ìlà kan, wàá di àwọn yẹn mú lórí ìkejì. Bí wọn ò bá tíì sọ pé àwọn gbà á, tìẹ ni, ì báà wà nínú òṣùpá."

Mo pe bàbá náà padà. Mo pe ẹkùn kejì. Wọ́n jiyàn, mo ń di ìlà méjèèjì mú, títí obìnrin kan níbẹ̀ fi sọ orúkọ rẹ̀, tó ní, "Ó dáa, mo ti gbà á." Mo jókòó lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣì di fóònù mú. Màgírẹ́ẹ̀tì rò pé ìbẹ̀rù iṣẹ́ ni. Okùn ọkọ̀ ni mò ń rò. Mo ti rin ọ̀nà jíjìn tó báyìí, àjèjì ló tún ń kọ́ mi ní ohun tí Iye fi hàn mí ní èbúté.

Láti ìgbà náà mo di ẹni tí wọ́n ń yìn fún sùúrù. Ọ̀rọ̀ omi ni wọ́n ń gbé fún mi jù, nítorí mo máa ń béèrè bí ó ti ń dún, àwọ̀ rẹ̀, bóyá ó ń fa ilẹ̀ láti abẹ́ tàbí ó ń gun òkè. Mo máa ń gbọ́ omi àwọn tí n kò mọ̀ láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Tí Iye bá sì sọ fún mi lórí fóònù pé òpó kan tún ti tẹ̀, mo máa ń ní, "Ẹ sọ fún Esekíẹ́lì."

Ìsinmi mi tó kọjá, mo yẹ kí n lọ sílé. Ẹ̀kọ́ kan wà lórí àwòrán ilẹ̀ tó máa gbé mi sókè níbi iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ náà ni mo lọ ṣe.

Mo fi ife sílẹ̀ nínú ọpọ́n omi, mo pe Iye. Òkun ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mi ò gbọ́ ọ kí ó sún mọ́ fóònù tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Iye, ẹ kú ewu."

"Ewu ò tíì tán tí o fi ń kí mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Esekíẹ́lì lọ."

"Lọ síbo?"

"Sí ilé rẹ̀ ní Igbókòdá."

"Yàrá kan ṣoṣo tí òun, ìyàwó àti ọmọ ń sùn sí? Òun ní ìwọ lo máa wá ilé fún mi. Ìwọ ní òun ló nílé. Mo ti gbọ́ irú èyí rí, ọma mi." Ohùn rẹ̀ kò le. Ó rẹ̀ ẹ́. "Àwọn tó ń fi ọkọ̀ wá wo òkun, tí wọ́n wọ bàtà gígùn, ṣebí bí wọ́n ti ń wí náà nìyẹn? Ọ́fíìsì yìí ní ti ọ́fíìsì yẹn ni. Àwọn yẹn ní ti àwọn elépo ni. Àwọn elépo ní omi kì í ṣe epo. Mo máa ń ṣe ẹja fún wọn jẹ, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á lọ. Mi ò mọ̀ pé àwọn ọmọ mi náà ti di ọ́fíìsì."

Mo gbọ́ Esekíẹ́lì láti òkèèrè: "Iye, ẹ jọ̀ọ́, omi ń gun àtẹ̀gùn!"

"Sọ fún un pé mo lójú," Iye wí fún mi.

"Iye, ẹ wọ ọkọ̀ ná. Bí ẹ bá ti jókòó, a ó jọ sọ ọ́. Mi ò ní pa fóònù."

Mo gbọ́ pákó tó ń ké, aṣọ tó ń ha fóònù, èémí rẹ̀. Mo gbọ́ Esekíẹ́lì: "Ẹ rọra, Iye, ẹ fẹsẹ̀ síbí." Kò dá a lóhùn. Nǹkan kan wó sínú omi lẹ́yìn wọn. Mo béèrè kí ni. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

"Mo ti jókòó," Iye wí sí mi létí. "Àbúrò rẹ ló di okùn mú. Mo ń bi yín o. Ta ni mo dọwọ́ rẹ̀?"

Ọlọ́kọ̀, ohùn ọ̀dọ́kùnrin, ló kọ́kọ́ dáhùn: "Ó dọwọ́ mi, Iye!"

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bi. Wa ọkọ̀ rẹ."

Esekíẹ́lì dákẹ́. Mo mọ ohun tó ń dúró dè, nítorí pé ohun kan náà ni èmi náà ń dúró dè. Mo ti la ẹnu láti pe orúkọ rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó di okùn mú lọ́wọ́, ẹkùn rẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn yàrá ìdáná ṣí. Màgírẹ́ẹ̀tì ni, ó wá wo ohun tó dá mi dúró. Ó rí ojú mi, ó nawọ́ sínú ọpọ́n, ó mú ife mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi fọ̀ ọ́.

"Ẹ dọwọ́ mi, Iye," mo wí. "Èmi ni. Ẹ sùn lọ́dọ̀ Esekíẹ́lì títí màá fi dé. Màá gba ìsinmi, màá wá. Èmi fúnra mi ni màá wá ilé náà."

Mo gbọ́ bí ó ti dún. Yàrá tó gbóná ni mo ti sọ ọ́, omi ẹ̀rọ ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, obìnrin mìíràn ń fọ ife mi. Mo ti sọ "láìpẹ́" tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ̀ bóyá ẹnu mi ṣì ṣe é gbà gbọ́.

Ẹ́ńjìnnì ń hó, òkun ń lu òpó ilé bàbá wa. Mo di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ọwọ́ rẹ jìnnà, ọma mi," Iye wí nígbà tó yá. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́. Sọ fún àbúrò rẹ kí ó jọ̀wọ́ okùn."